Kẹ́nẹ̀lì Kì í Gba Áàpù Gbọ́

Inú kọ̀ǹpútà là ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ibi tó jìn jù lọ nínú ẹ̀ la sì fẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ tó lè dún bí irọ́ létí yín. Kò sí áàpù kan lórí fóònù yín tó lè dá ka fáìlì. Kò sí èyí tó lè dá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sójú síkíríìnì, kò sì sí èyí tó lè dá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. WhatsApp ò lè ṣe é. Áàpù báńkì yín ò lè ṣe é. Ohun tí áàpù lè dá ṣe kò ju ìṣirò lọ: á ro nọ́ńbà pọ̀, á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, á fi wọ́n wéra, á sì kó èsì rẹ̀ sínú ìwọ̀nba mẹ́mórì tí wọ́n pín fún un. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Ó di dandan kó bẹ ẹlòmíì pé kó bá òun ṣe é.

Ẹlòmíì yẹn ni kẹ́nẹ̀lì. Òun ló ń ṣàkóso díìsìkì, mẹ́mórì, síkíríìnì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun náà ló sì ń pín àkókò fún àwọn áàpù. Lórí fóònù Android, irú èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ní Nàìjíríà, Linux ni kẹ́nẹ̀lì náà. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki. Ẹ̀bẹ̀ tí áàpù ń bẹ kẹ́nẹ̀lì yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní system call. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù, ìpè ni n ó máa pè é.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ kẹ́nẹ̀lì ni kó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Lójú tèmi o, ohun tó ṣòro ni pé kò gbọ́dọ̀ gba ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ gbọ́ rárá. Ìfura loògùn àgbà, bí wọ́n ṣe máa ń wí. Bí ẹ bá ka kóòdù tó wà lẹ́nu ọ̀nà Linux, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé àgbà kan tí wọ́n ti rẹ́ jẹ lọ́pọ̀ ìgbà ló jókòó kọ ọ́.

Ìgbà kan wà tí kò sí irú ìfura bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo MS-DOS láyé ọjọ́un á rántí. DOS ní ọ̀nà tí ètò fi ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ògiri láàárín àwọn méjèèjì. Ètò tí kò bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ á kàn kọjá lára DOS, á lọ fọwọ́ ara rẹ̀ yí díìsìkì. Bó bá ṣèèṣì kọ nǹkan lé mẹ́mórì DOS lórí, gbogbo ẹ̀rọ á dì, ẹ ó pa á, ẹ ó tún un tàn, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò tíì fi pamọ́ á sì ti lọ. Kì í ṣe pé ọgbọ́n ògiri kò tíì sí nígbà yẹn. Ní December 1962, nígbà tí wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń jẹ́ Atlas ní Yunifásítì Manchester, ètò alábòójútó kan ti wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Supervisor, àwọn ètò yòókù sì ní àṣẹ àkànṣe tí wọ́n fi ń ké sí i. Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ Unix ní Bell Labs ní New Jersey, wọ́n to ìpè wọn sínú ìwé ìtọ́ni tó jáde ní November 1971. Open, read, write àti close wà nínú ìwé yẹn. Àwọn kan náà là ń lò títí di ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ògiri tí mò ń sọ, inú pírósẹ́sọ̀ ló wà, wọ́n ti ṣe é mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́. Pírósẹ́sọ̀ Intel àti AMD ní ipò mẹ́rin, láti 0 dé 3, ṣùgbọ́n méjì péré ni Linux ń lò: 0 fún kẹ́nẹ̀lì, 3 fún áàpù. Nígbà tí pírósẹ́sọ̀ bá wà ní ipò 3, àwọn àṣẹ kan wà tí kò ní jẹ́. Bí áàpù bá dán irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wò, pírósẹ́sọ̀ á dá a dúró lójú ẹsẹ̀, á sì fà á lé kẹ́nẹ̀lì lọ́wọ́. Ẹ fi wé kántà báńkì. Oníbàárà wà lóde gíláàsì, owó wà nínú. Kò sẹ́ni tó ń na ọwọ́ kọjá gíláàsì lọ mú owó. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kọ, wọ́n á tì í gba abẹ́ gíláàsì, kaṣíà á sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣe nǹkan kan.

Báwo ni áàpù ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀? Ká mú kọ̀ǹpútà Intel tàbí AMD oní-64-bit tó ń lo Linux. Áàpù fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sójú síkíríìnì. Nínú pírósẹ́sọ̀, àwọn ààyè kéékèèké wà tí wọ́n ń pè ní rẹ́jísítà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. Áàpù á fi nọ́ńbà 1 sínú èyí tó ń jẹ́ RAX, torí pé 1 ni nọ́ńbà ìpè write. Á fi ibi tó fẹ́ kọ ọ́ sí sínú RDI. Á fi àdírẹ́sì ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú mẹ́mórì sínú RSI, á fi gígùn rẹ̀ sínú RDX. Lẹ́yìn náà, á pa àṣẹ kan, syscall. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tó jẹ́ pírósẹ́sọ̀ ARM ló wà nínú wọn, svc ni àṣẹ náà ń jẹ́, X8 ni nọ́ńbà ìpè ń wọ̀, nọ́ńbà write níbẹ̀ sì jẹ́ 64. Ohun kan náà ni.

Bí áàpù bá ti pa àṣẹ syscall, ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Pírósẹ́sọ̀ á kọ ibi tí áàpù dúró sí sínú RCX kó lè rántí ọ̀nà padà, á bọ́ sí ipò 0, á sì fò lọ sí àdírẹ́sì kan tí kẹ́nẹ̀lì ti kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn. Ẹ fiyè sí èyí dáadáa. Áàpù ló yan ohun tó fẹ́, ṣùgbọ́n kò yan ibi tó máa gbà wọlé. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ìpè pátá. Bó bá jẹ́ pé áàpù lè bọ́ sí àárín kóòdù kẹ́nẹ̀lì níbi tó bá wù ú, á kàn fo gbogbo àyẹ̀wò, á balẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń ka owó.

Ní ìṣẹ́jú àáyá tí kẹ́nẹ̀lì dé ibẹ̀, ó wà nínú ewu. Pírósẹ́sọ̀ kì í bá a pààrọ̀ stack, ìyẹn ààyè mẹ́mórì tí kóòdù ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí. Stack áàpù ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, áàpù sì lè ti yí i síbi tó bá wù ú kó tó pè. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Linux ń ṣe kì í fi í ṣe pé kó wo ohun tí wọ́n ń béèrè. Á kọ́kọ́ wá stack tirẹ̀, á bọ́ sórí ẹ̀, á wá to gbogbo rẹ́jísítà áàpù síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe wà. Kóòdù yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí kì í rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ kàn nínú gbogbo Linux.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wá wo nọ́ńbà. Tábìlì kan wà tí wọ́n to gbogbo ìpè sí, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀: lórí ẹ̀rọ 64-bit tá a mú yìí, 0 ni read, 1 ni write, 2 ni open, 3 ni close, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ kọjá 300. Bí áàpù bá mú nọ́ńbà tí kò sí wá, kẹ́nẹ̀lì kò ní bínú, á kàn dá àṣìṣe nọ́ńbà 38 padà fún un, ìyẹn ni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí níbí.

Nọ́ńbà tí wọ́n bá ti fún ìpè kan kì í yí padà mọ́. Torvalds le mọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí: àtúnṣe yòówù tó bá ba áàpù tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́, àtúnṣe náà ló jẹ̀bi. Wọ́n ní wọ́n bi Ken Thompson nígbà kan pé kí ni ì bá yí padà bó bá tún Unix kọ, ó ní òun ì bá fi lẹ́tà e parí orúkọ ìpè creat. Ìpè náà ṣì wà nínú Linux lónìí, kò sí e nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ 2038 náà ńkọ́? Lọ́dún yẹn, aago tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 32-bit kà á kún. Wọn ò lè yí ìpè aago àtijọ́ padà, nítorí náà ní 2019, nínú Linux 5.1, wọ́n gbé ìpè tuntun kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, nọ́ńbà 403, kí áàpù tuntun máa lò ó. Ti àtijọ́ wà níbẹ̀, ó ń jókòó tì í. Windows kò tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Nọ́ńbà ìpè tiwọn lè yí padà láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n fi kóòdù kan tó ń jẹ́ ntdll sáàárín, òun ni áàpù ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wá bá mi fara balẹ̀ níbí o, torí ibi tí ẹjọ́ wà nìyí. Ẹ rántí pé nínú fọ́ọ̀mù tí áàpù kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ sójú síkíríìnì ló fi síbẹ̀. Àdírẹ́sì ni. Ohun tó ń wí ni pé, ọ̀rọ̀ náà wà níbi báyìí, ẹ bá mi lọ mú un. Ta ló jẹ́rìí pé òótọ́ ni àdírẹ́sì náà? Lórí pírósẹ́sọ̀ yìí, àwọn àdírẹ́sì ìsàlẹ̀ ni ti áàpù, àwọn ti òkè ni ti kẹ́nẹ̀lì. Áàpù fúnra rẹ̀ kò lè fọwọ́ kan ti òkè, pírósẹ́sọ̀ ò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n kẹ́nẹ̀lì lè fọwọ́ kàn án, òun ló kúkú nibẹ̀. Áàpù tó bá gbọ́n àgbọ́nṣe á wá rán kẹ́nẹ̀lì ní iṣẹ́ tí òun kò lè ṣe. Á ní, ẹ bá mi ka fáìlì yìí kẹ́ ẹ kó o síbí. Ibi tó sì ń nawọ́ sí ni ibi tí kẹ́nẹ̀lì kọ ẹni tó ni áàpù yìí àti irú àṣẹ tó ní sí. Bó bá rí i ṣe, ó ti di rúùtù, ó ti ga ju gbogbo olùlò ẹ̀rọ náà lọ.

Nítorí èyí, kẹ́nẹ̀lì kì í ka mẹ́mórì áàpù bó ṣe ń ka tirẹ̀. Kóòdù kan wà tó ń jẹ́ copy_from_user, òun ló fi ń kó nǹkan wọlé. Copy_to_user ló fi ń kó o jáde. Kí wọ́n tó kó ohunkóhun, wọ́n á bi access_ok léèrè pé: láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ṣé ọ̀dọ̀ áàpù ni àdírẹ́sì yìí wà lóòótọ́? Bí kò bá sí níbẹ̀, àṣìṣe nọ́ńbà 14 ni áàpù á gbà, tí wọ́n ń pè ní EFAULT. Bó bá wà lọ́dọ̀ áàpù àmọ́ tí kò sí mẹ́mórì kankan níbẹ̀, EFAULT náà ni, kẹ́nẹ̀lì kò sì ní tìtorí ẹ̀ dákú.

Ó jọ ohun tí ọmọdé lè rántí, àbí? Ẹ gbọ́ èyí. Ní 2006, Linux 2.6.17 jáde pẹ̀lú ìpè tuntun kan tó ń jẹ́ vmsplice. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Síbẹ̀, ó níbi kan nínú ẹ̀ tí wọ́n ti gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ áàpù tí wọn ò sì bi access_ok léèrè. Kò sẹ́ni tó pariwo ẹ̀ síta títí di February 2008, nígbà tí kóòdù kan jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùlò lásánlàsàn lè tẹ̀, kó sì di rúùtù. Láti 2.6.17 títí dé 2.6.24.1, gbogbo wọn lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ ro ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó oníbàárà jọ sórí sáfà kan ṣoṣo nígbà náà, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀ ní yàrá tirẹ̀. Ògiri yàrá wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Wọ́n kọ́gbọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ṣẹlẹ̀. Ìpè kan wà tó ń jẹ́ waitid, tí ètò fi ń béèrè bóyá àwọn ètò tí òun dá sílẹ̀ ti parí iṣẹ́ wọn. Ìpè àtijọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹ̀. Ní 2017, wọ́n tún un kọ kó lè yára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìyára ti wọ̀ ọ́. Àwọn pírósẹ́sọ̀ tuntun ní ìdènà kan tó ń jẹ́ SMAP, tí kì í jẹ́ kí kẹ́nẹ̀lì fọwọ́ kan mẹ́mórì áàpù àfi bó bá kọ́kọ́ ṣí ìdènà náà, ṣíṣí àti pípadé rẹ̀ sì ń gba àkókò. Dípò kí waitid máa ṣí i kó máa pa á dé ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kọ nọ́ńbà kan, wọ́n ní kó ṣí i lẹ́ẹ̀kan, kó kọ gbogbo rẹ̀, kó wá pa á dé. Àlàyé tó mọ́gbọ́n wá ni. Ṣùgbọ́n nínú kóòdù àtijọ́, inú kíkọ kọ̀ọ̀kan ni àyẹ̀wò àdírẹ́sì wà. Nígbà tí wọ́n yọ ìyẹn kúrò, àyẹ̀wò bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó rántí fi òmíràn dípò. Linux 4.13 jáde bẹ́ẹ̀ ní September. Ní October, wọ́n rí i pé ẹni tó bá fún waitid ní àdírẹ́sì kẹ́nẹ̀lì, kẹ́nẹ̀lì á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan síbẹ̀ fún un.

Wọ́n fi access_ok padà síbẹ̀ kíá, ìyẹn ò jọ mí lójú. Ohun tó wù mí ni èyí tí Torvalds ṣe ní January 2019. Ó ní kí kóòdù tó ń ṣí ìdènà náà, user_access_begin, máa ṣe àyẹ̀wò àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ kó tó ṣí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń kọ kóòdù ló gbọ́dọ̀ rántí. Lẹ́yìn rẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ rántí, ìdènà kò ní ṣí fún àdírẹ́sì tí kò tọ́. Kí èèyàn máa pariwo pé kí àwọn òṣìṣẹ́ túbọ̀ fiyè sí i, kò sí ibi tí ìyẹn ń dé. Irinṣẹ́ ni ká ṣe kó máa fiyè sí i.

Ìwà ọgbọ́n-ẹ̀wẹ́ mìíràn tún wà, àní lórí àdírẹ́sì tó tọ́. Áàpù kan lè máa ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan ń pe kẹ́nẹ̀lì, apá kejì dúró ti mẹ́mórì tí kẹ́nẹ̀lì fẹ́ kà láti yí ohun tó wà níbẹ̀ padà. Bí kaṣíà bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, tó kàn yọjú wò ó nínú gíláàsì, tó ní ó dáa, tó wá tún yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó fẹ́ ka owó, òdo kan á ti kún un. Ojútùú rẹ̀ ni kí kẹ́nẹ̀lì da ohun tó fẹ́ kà kọ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó yẹ ẹ̀dà tirẹ̀ wò, kó má sì tún yíjú sí ti áàpù mọ́. Ní 2007, Robert Watson láti Yunifásítì Cambridge fi hàn pé ọ̀pọ̀ ètò ààbò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìpè, Systrace wà lára wọn, ni wọ́n lè fi ọgbọ́n yìí yẹ̀. Ètò ààbò á yẹ orúkọ fáìlì wò, á ní kó máa lọ. Kó tó di pé kẹ́nẹ̀lì ka orúkọ náà, ó ti di orúkọ fáìlì mìíràn.

Nígbà tí àyẹ̀wò bá wá tán, iṣẹ́ tó kù máa ń yá. Bí ohun tí áàpù ń béèrè kò bá tíì sí nílẹ̀, ká ní ó ń retí ọ̀rọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kẹ́nẹ̀lì á fi í sùn, á gbé pírósẹ́sọ̀ fún ẹlòmíì, á sì jí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé. Ṣùgbọ́n bí nǹkan mìíràn, tí wọ́n ń pè ní sígínà, bá ké sí áàpù nínú oorun ńkọ́? Richard Gabriel, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, kọ nípa àríyànjiyàn tó wáyé lórí èyí láàárín ọkùnrin kan láti MIT àti ọ̀kan láti Berkeley tó ń ṣiṣẹ́ lórí Unix. Lọ́dọ̀ àwọn MIT, kẹ́nẹ̀lì ló ń gbé áàpù padà sẹ́yìn, á tò ó bí ẹni pé kò tíì pè rí. Kóòdù rẹ̀ gùn, ó sì lọ́jú pọ̀. Ti Unix kò la wàhálà lọ: kẹ́nẹ̀lì á dá àṣìṣe kan padà, EINTR, kí áàpù tún pè bó bá fẹ́. Unix ló borí láyé. Èmi ò rò pé ó dáa tó bẹ́ẹ̀, torí kẹ́nẹ̀lì gbé ẹrù ara rẹ̀ lé áàpù lórí ni, àìmọye ètò ló sì ti kọsẹ̀ torí pé ẹni tó kọ ọ́ kò rántí pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè dé. Lónìí, áàpù lè sọ tẹ́lẹ̀ pé kí kẹ́nẹ̀lì máa bá òun tún un bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìfura yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, àkókò ni wọ́n fi ń san án. Ìdí nìyí tí kò fi sí ọdún tí wọn kì í gbìyànjú láti mú ẹnu ọ̀nà yá. Lórí àwọn ẹ̀rọ 32-bit, ọ̀nà àtijọ́ tí Linux ń gbà, int 0x80, lọ́ra gan-an lórí Pentium 4. Ní December 2002, Torvalds fi àṣẹ sysenter tó yára jù ú lọ sí i. Àwọn ìbéèrè kan tiẹ̀ wà tí wọ́n yọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà pátápátá. Áàpù ń béèrè aago ní àìmọye ìgbà, nítorí náà kẹ́nẹ̀lì kọ aago síbi tí áàpù ti lè rí i kà láì wọlé rárá. VDSO ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Ó wá di January 2018, ọ̀rọ̀ Meltdown jáde. Wọ́n rí i pé lórí ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ Intel, áàpù lè fi ọgbọ́n fa ohun tó wà nínú mẹ́mórì kẹ́nẹ̀lì jáde, torí pé máàpù mẹ́mórì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Wọ́n ní láti fún kẹ́nẹ̀lì ní máàpù tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìpè bá wọlé àti ìgbà tó bá jáde. Àwọn ètò tó ń pe kẹ́nẹ̀lì léraléra, bí àwọn tó ń ṣọ́ àkójọ ìsọfúnni ńláńlá, mọ̀ ọ́n lára kíákíá.

Jíjáde náà léwu, èèyàn kì í sábà rántí. Àṣẹ sysret ló ń dá pírósẹ́sọ̀ padà sí ipò 3, ó sì ń lo àdírẹ́sì tó wà nínú RCX. Lórí pírósẹ́sọ̀ Intel, bí àdírẹ́sì náà kò bá ní ìtumọ̀, ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní ipò 0 ni pírósẹ́sọ̀ á tó pariwo, stack áàpù sì ti padà sọ́wọ́ rẹ̀. Linux ti dí ihò yìí ní 2006. Ní 2012, ọ̀rọ̀ kan náà bẹ́ jáde lára Windows, FreeBSD àti Xen. Intel ní bí ìwé àwọn ṣe wí náà ni pírósẹ́sọ̀ àwọn ṣe ń ṣe.

Lórí Android, ìfura tún wọ inú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Android kọ̀ kí áàpù tiẹ̀ pe gbogbo ìpè tó wà nínú tábìlì. Seccomp ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tó wọ Linux ní 2005. Nígbà náà, ètò tó bá wọ inú ẹ̀ kò lè pe ju mẹ́rin péré lọ: read, write, exit àti èyí tí wọ́n fi ń padà láti inú sígínà. Ó le jù, àwọn tó lò ó kò pọ̀. Ní 2012, wọ́n jẹ́ kí èèyàn lè kọ àwọn òfin tirẹ̀ nípa ìpè tó gbà àti èyí tí kò gbà, láti Android 8.0 ní 2017 sì ni gbogbo áàpù ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpè tí áàpù kò nílò, wọ́n ti tì wọ́n pa. Ihò tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì rí nínú wọn, áàpù tẹ́ ẹ gbé sórí fóònù yín kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà Linux nílé, ètò kan wà tó ń jẹ́ strace. Bí kò bá sí lórí ẹ̀rọ yín, ó rọrùn láti fi kún un. Ẹ ṣí tẹ́mínà, kẹ́ ẹ tẹ strace, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ ls, àṣẹ tó kàn ń to orúkọ fáìlì. Gbogbo ìpè tí àṣẹ kékeré yẹn pè á jáde sójú síkíríìnì, ọ̀kan lórí ìlà kan, pẹ̀lú ohun tó béèrè àti èsì tí kẹ́nẹ̀lì fún un. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bà yín lẹ́rù bí ẹ bá rí ENOENT lórí àwọn ìlà kan. Fáìlì tí kò sí ni ls ń wá káàkiri, kẹ́nẹ̀lì ń sọ fún un pé kò sí níbí, kó lọ wò ó níbòmíì.